Fóònù Tó Dí Ọkọ̀ Mi Lọ́nà

Màmá mi, ẹ kú àdúrà orí ọkọ̀ tí mo fẹ́ rà yẹn o. Ara mi le koko. Ibi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Òjò ń ta sí mi lára díẹ̀, kò burú.

Mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọkọ̀ lánàá. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ń pè mí ní ọ̀gá. Ìgbà tó yẹ orúkọ mi wò nínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rín gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Nílùú òyìnbó níbí, wọ́n máa ń kọ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè sílẹ̀, báńkì á kà á kó tó yáni lówó ọkọ̀. Ó ní mo ra fóònù kan láwìn, mi ò san án tán. Wọ́n lè yá mi, àmọ́ èlé rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ọkọ̀ mìíràn.

Ẹ rántí fóònù yẹn. Nígbà tí àbúrò mi wà lọ́dọ̀ mi, ẹ̀yin lẹ ní kí n forúkọ mi gbà á fún un, pé ta ní í forúkọ du ọmọ ìyá rẹ̀. Ó ní òun á máa fowó ránṣẹ́ bí òun bá délé. Ẹ má bá a wí o, bóyá ó gbàgbé. Ìrìn ti bá mi fa ikùn wọlé, àfi kí n máa fọwọ́ di ṣòkòtò mú.

Bọ́ọ̀sì mìíràn tún ti kún kọjá. Ọ̀gá mi níléèwòsàn tí mo ti ń nulẹ̀ ní bí mo bá tún pẹ́... ẹ fìyẹn sílẹ̀.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ kí àbúrò mi náà, ẹ ní mo rí fọ́tò yín tó fi fóònù yẹn yà. Ó mọ́ kedere. Mo rí kíhódà tí ẹ ti rà sílẹ̀ de kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi lọ́wọ́ yín.