Àwòrán Inú Ìyá Rẹ Tí Kò Ní Àwọ̀

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlú ńlá, mo kí ọ kú àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ yín tí o ní ò ń gùn lójoojúmọ́. Ẹsẹ̀ tó ń gbé ọ gun òkè kò ní rọ lójijì. Ara èmi le, àyàfi ojú tí kì í tètè rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Jókòó kí o tó kà á, ṣùgbọ́n má sunkún, mo mọ̀ ọ́.

Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí ìyá rẹ ti ń sọ pé yẹ̀rì ń fún òun. Ìwọ náà mọ̀ pé èmi ni mò ń rán aṣọ rẹ̀, n kò jẹ́ kí télọ̀ mìíràn fi téèpù kàn án láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú ìbàdí yẹ̀rì náà tí mo fẹ̀ ẹ́, inú mi sì ń dùn! Mò ń sọ fún gbogbo oníbàárà tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù pé ẹ wo bí ìyàwó mi ṣe ń sanra, ọkọ tó mọ ìtọ́jú lẹ̀ ń wò yìí. Àṣé ikùn nìkan ló ń tóbi, ọrùn àti apá ń gbẹ. Téèpù ọwọ́ mi rí i, ojú mi ò rí i. Nígbà tó yá ló wá sọ pé abẹ́ ìdodo òun ń wúwo, òun ò sì lè jẹun yó mọ́. Mo ní kí ló dé tí kò sọ látọjọ́ yìí, ó ní bí mo ṣe ń fi òun yangàn káàkiri ni kò jẹ́ kí òun lè sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí wa tẹ inú rẹ̀ wò, ó ní kókó kan wà níbẹ̀, ká lọ sí ilé ìwòsàn ńlá fún síkáànì, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú. Bí mo ṣe gbọ́ àwòrán, mo lọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, mo ní kó kun àtíkè. Ó wò mí títí, ó sì kun ún. Ìgbà tá a débẹ̀ ni wọ́n ní kó ká aṣọ náà sókè, ikùn nìkan ni wọ́n fẹ́ yà.

Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù. Ibì kan wà níbẹ̀ tó ń bèèrè orúkọ ẹni tó sún mọ́ aláìsàn jù lọ. Mo rò ó dáadáa, mo kọ orúkọ obìnrin onídìrí aládùúgbò wa, torí ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Ìyá rẹ gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fa ìlà pa á, ó kọ tèmi. Mo ní òótọ́ ni mo kọ, ó ní òun mọ̀.

Wọ́n tún ní kó mu omi púpọ̀ kó má sì tọ̀, pé ẹ̀rọ máa ń ríran dáadáa bí àpò ìtọ̀ bá kún. Kó má bàa dá jìyà, èmi náà mu ún. Èmi ni mo sáré jáde lẹ́ẹ̀mejì, òun jókòó jẹ́ẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì di báàgì rẹ̀ mú sórí itan.

Obìnrin ni dókítà náà, kò lè jù ọ́ lọ, gíláàsì rẹ̀ ń yọ̀ bọ̀ lórí imú. Ó da nǹkan tútù bíi gọ́ọ̀mù sí ikùn ìyá rẹ, ó ń ti nǹkan kékeré kan lọ tì í bọ̀ lórí ẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń lọ aṣọ, ó ń wo ojú tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ilé ẹyin apá òsì ni kókó náà wà. Mo ní, dókítà, ẹyin ti tán lára ìyá yìí tipẹ́, ilé wo ló tún kù? Ó ní ẹyin lè tán kí ilé ṣì dúró, àti pé ìgbà tí ẹyin bá tán gan-an ló yẹ kéèyàn máa ṣọ́ ilé náà. Mo bojú wo ìyá rẹ. Àwa méjì péré náà ló kù nínú ilé tí gbogbo yín ti jáde lọ.

Nǹkan dúdú rógódó kan wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Dókítà wọ̀n ọ́n níbùú, ó wọ̀n ọ́n lóròó. Mo ní ṣé wọn ò lè fi àwọ̀ sí àwòrán náà ni, torí irú dúdú àti funfun yìí ni wọ́n ń yà láyé baba mi. Ó ní ohun tí òun fẹ́ tẹ̀ báyìí nìyẹn. Ó tẹ bọ́tìnì kan. Àwọ̀ ò jáde. Mo ní kó tún un tẹ̀, bóyá ó ti bàjẹ́. Ó sún nǹkan kékeré ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ikùn náà, pupa àti búlúù bẹ̀rẹ̀ sí tàn yẹ̀rìyẹ̀rì, mo pàtẹ́wọ́. Ó padà sórí kókó náà, dúdú ló tún dà. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí bẹ Ọlọ́run sínú pé kó jẹ́ kí àwọ̀ jáde.

Ìgbà náà ló yí àga rẹ̀ sí wa. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn ni àwọ̀ yẹn. Kókó tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ sábà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ mọ́ra, ẹran máa ń wà nínú rẹ̀, etí rẹ̀ sì lè rí págunpàgun. Ti ìyá rẹ yìí, omi lásán ló wà nínú rẹ̀, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó dán, kò sí ògiri láàárín rẹ̀, kò sí ẹran, kò sí àwọ̀. Ó ní òun kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ṣírò ewu rẹ̀, ewu náà kéré gan-an. Ọmọ mi, ohun tí mò ń fi àdúrà bèèrè nìyẹn o! Kì í ṣe gbogbo àdúrà ló yẹ kí Ọlọ́run gbọ́.

Ó ní nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó ní irú rẹ̀, ó lè má pé ẹyọ kan tó máa jẹ́ jẹjẹrẹ. Mo ní ta ni ẹyọ kan náà. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ fún àyẹ̀wò, tí wọ́n á sì yẹ kókó náà wò fínnífínní lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa yọ ọ́ torí bó ṣe ń ni í lára. Ojú ihò kékeré ni wọ́n máa gbà. Ó ní ká ní àwòrán náà burú ni, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ tó jìnnà ni à bá gbà lọ, wọn ì bá sì la inú rẹ̀ gbọọrọ.

Nígbà tá à ń bọ̀ nílé, ìyá rẹ sun oorun lé mi léjìká nínú ọkọ̀. Ọdún mélòó ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn! Ọkọ̀ dé ibi tó yẹ ká ti sọ̀, mi ò jí i. Ibi tí ọkọ̀ dúró sí la ti fẹsẹ̀ rìn padà, ó ń bú mi, mò ń gbé báàgì rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ àti ti ibùsùn ilé ìwòsàn ránṣẹ́ bí agbára rẹ bá ṣe mọ. Ìyá rẹ ní tó o bá ti fi owó ránṣẹ́, ó ti tó, pé iṣẹ́ rẹ pọ̀, kí n má sọ pé kí o wá. Mo ṣèlérí fún un pé mi ò ní sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́ o, mo kọ ọ́ ni.

Kí Ẹni tó rí inú ju ẹ̀rọ lọ máa ṣọ́ ọ. Àìsàn tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ á ṣìnà. Wàá pẹ́ láyé, ẹni tó máa di ọwọ́ rẹ mú lọ́jọ́ tó o bá wà lórí ibùsùn kò ní jìnnà sí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ.