Ọ̀gá Pupa àti Ibùsùn Ẹ̀bá Fèrèsé

Ilé Ẹlẹ́ja Oníjà,
Ẹ̀bá Odò, Bang Len,
Nakhon Pathom.
Ọjọ́ kejì, Oṣù Kọkànlá.

Phikun, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé o ń jẹun dáadáa, àbí núdù inú ike lo ṣì fi ń gbé ẹ̀mí ró ní Taiwan níbẹ̀? Ara mi le. Ara bàbá rẹ náà le, àfi orúnkún rẹ̀ tó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Mo fẹ́ kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ayọ̀, kí òtútù ibẹ̀ má sì rí ọ gbé ṣe. Ata gígún elédé wà nínú páálí tí mo fi lẹ́tà yìí sí. Má jẹ́ kí àwọn ará yàrá rẹ lá a tán lọ́jọ́ kan o.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo fi ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù ni. Bí mo bá fi bẹ̀rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, bàbá rẹ á já a gbà lọ́wọ́ mi, á sì máa rò ó bí ẹni pé òun ló ṣe é. Èmi Lamduan ni mo ṣe é, èmi àtìwọ, mo sì fẹ́ rò ó fún ọ látòkèdélẹ̀, kí n yangàn débi tó bá wù mí.

O rántí adágún abo ẹja oníjà, ẹja obìnrin tí à ń pè wọ́n, tí ìyá àgbà rẹ gbẹ́ sábẹ́ igi ńlá ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀, èmi ló pè pé kí n máa tọ́jú adágún náà, kò pe àwọn ọmọkùnrin tó bí. Lẹ́yìn òjò báyìí ni Wichian, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, dé, tó dúró létí omi, tó ní òun fẹ́ gbẹ́ ibẹ̀ kó fẹ̀ sí i kí òun fi sin edé. Ó ní, "Ìyàwó, ẹja ọkùnrin làwọn èèyàn ń rà. Ta ló ń wá obìnrin? Ẹ mú ìwọ̀nba tó máa yé ẹyin fún yín, kí ẹ da ìyókù fún pẹ́pẹ́yẹ." Pẹ́pẹ́yẹ! Ẹja tí ìyá tó bí i lọ́mọ fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣà nítorí àwọ̀ wọn! Bàbá rẹ kàn ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni. Orúkọ Wichian ló wà nínú ìwé ilẹ̀ náà, mi ò lè lé e kúrò níbẹ̀. Mo ṣáà bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láyè díẹ̀ kí n wá ẹni tí á máa rà wọ́n.

Ibẹ̀ ni Ìyáàfin Orathai ti bá ọ̀rọ̀ náà wọlé, obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé oúnjẹ ńlá sétí odò Tha Chin. Ó fẹ́ gbé àpótí gíláàsì gbọọrọ sẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹja oníjà ọkùnrin kan ṣoṣo nínú omi tó tó yẹn kò wù ú. Ó ní, "Ṣé a ò lè rí ẹja tó pọ̀, aláwọ̀ oríṣiríṣi, tí kò ní para wọn níwájú àwọn oníbàárà mi?" Mo ní obìnrin ni kó gbà. Ó ní tí wọ́n bá wà ní ìrẹ́pọ̀ títí di ọjọ́ tí àwọn àlùfáà tẹ́ńpìlì máa wá súre fún ilé náà, ọwọ́ mi ni òun á ti máa rà á fún gbogbo ilé oúnjẹ òun. Wichian gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Odindi agbo obìnrin nínú yàrá kan! Ìyàwó, ìwọ àti màmá wa, ẹ̀yin méjì péré lẹ wà nílé ìdáná nígbà yẹn, ṣé ẹ jẹ́ ká sinmi?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Eyín yín á gbẹ síta."

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò dáa rárá. Nínú adágún, àti kékeré ni wọ́n ti jọ dàgbà, koríko sì bo gbogbo ibẹ̀. Ṣùgbọ́n torí pé àwọ̀ oríṣiríṣi ni Ìyáàfin ń fẹ́, mo ṣà wọ́n kiri, èyí láti inú adágún, òmíràn láti inú ìkòkò ẹ̀yìn ilé, àwọn tí kò mọ ara wọn rí. Ó tún ní kí omi mọ́ gaara, kí iyanrìn funfun, kí igi kan ṣoṣo dúró ní igun kan, kó lè rẹwà. Mo ṣe é bó ṣe fẹ́. Ẹja pupa kan ló kọ́kọ́ gba ẹ̀yìn igi yẹn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí gbogbo ayé. Ọ̀gá Pupa ni mo sọ ọ́. Ẹni tó bá yọjú, ó lé e láti ìpẹ̀kun gíláàsì dé ìpẹ̀kun, kò sì síbi tí ẹni ẹlẹ́ni máa sá pamọ́ sí. Ká tó wí ká tó fọ̀, ìrù àwọn kan ti rí jákujàku bí ìgbálẹ̀ tó gbó.

Mo yọ Ọ̀gá Pupa sínú ìgò, mo ní ó bùṣe. Kò bùṣe o. Aláwọ̀ ìyeyè kan tó ti ń sá kiri látàárọ̀, òun ló tún lọ gba ẹ̀yìn igi, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo yọ òun náà, funfun kan bọ́ síbẹ̀. Funfun tí mo rò pé kò lè pa eṣinṣin! Ìyáàfin Orathai dúró lẹ́yìn mi, ó rọra ní, "Màmá Phikun, ṣé ká kúkú wá ẹja jẹ́jẹ́ míì?" Mo délé, mo gbọ́ pé Wichian ti lọ bá oníkatapílà tó máa gbẹ́ adágún sọ̀rọ̀. Mo jókòó létí adágún ìyá àgbà, omi ń bọ́ lójú mi, mi ò sì fẹ́ kí bàbá rẹ rí i.

Ibẹ̀ ni mo jókòó sí nígbà tí o pè. Kí n lè gbàgbé tèmi, mo bi ọ́ bóyá obìnrin ará Korat tó ń fìtínà yín ṣì wà nínú yàrá. O ní, "Màmá, ó ti kó lọ, àmọ́ ẹni tó gba ibùsùn rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé ti ń jágbe mọ́ gbogbo wa báyìí. Ẹni jẹ́jẹ́ ni tẹ́lẹ̀ o! Ìgbà yẹn ni mo wá rí i pé ibùsùn yẹn gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Mo ní kí gbogbo wa kó ẹrù jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a yí gbogbo ibùsùn padà, a ta aṣọ sáàárín wọn, a sì jọ wọlé pọ̀ bí àlejò." Phikun, ojú mi là gààràgà! O ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ nígbà tí mo sáré wọlé, mo ju fóònù sí bàbá rẹ, mo gbé alùpùpù, ó di ilé oúnjẹ Ìyáàfin Orathai, bàtà òsì lẹ́sẹ̀ ọ̀tún.

Mo kó gbogbo wọn jáde sínú ìgò, Ọ̀gá Pupa àti àwọn tó jọba lẹ́yìn rẹ̀. Mo dojú àpótí náà rú. Mo gbin koríko omi láti ìsàlẹ̀ dé òkè, mo to igi àti ìkòkò fífọ́ káàkiri, títí ibi ìsápamọ́ fi pọ̀ ju ẹja lọ, tí ẹni tó wà níhìn-ín kò lè rí ẹni tó wà lọ́hùn-ún. Mo da ojú oró sójú omi kí gbòǹgbò rẹ̀ máa fì wálẹ̀ bí aṣọ tí ẹ ta. Mo rẹ ewé fúrúùtù gbígbẹ sí i, bí ìyá àgbà ṣe máa ń ṣe, omi sì pọ́n. Ìyáàfin Orathai ké, "Yéè! Ṣé tíì lẹ pò sínú gíláàsì mi ni?" Mo ní, "Tíì ni. Ẹ bá mi wá yìnyín." Gbogbo àwọn alásè bú sẹ́rìn-ín. Mo wá da àwọn ẹja náà sí i pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àfi Ọ̀gá Pupa. Òun ni mo fi sí i kẹ́yìn, lẹ́yìn tí kálukú ti ríbi forí pamọ́ sí, kóun náà lè wọlé bí àlejò. Tèmi nìyẹn o, kì í ṣe tìrẹ. Tanwíjí tí wọ́n sì ń jẹ, igun gbogbo ni mo ń dà á sí, kí ẹnì kan má baà jókòó ti oúnjẹ.

Má rò pé wọ́n dọ̀rẹ́. Wọ́n ṣì ń fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ síra wọn bí àwọn tí ilé wọn kọjú síra. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan bá lé èkejì, èkejì á wọ ẹ̀yìn ewé, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Àràárọ̀ ni mo ń lọ wò wọ́n, ìrù tó ya sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù padà.

Ọjọ́ ìṣílé pé. Àwọn àlùfáà gbàdúrà tán, wọ́n jẹun, èyí tó dàgbà jù nínú wọn wá dúró níwájú gíláàsì. Mo da tanwíjí sí i. Phikun, wọ́n jáde! Láti inú omi pípọ́n yẹn, pupa, ìyeyè, funfun, búlúù, gbogbo wọn jáde láìsí ẹni tí lẹbẹ rẹ̀ ya. Bàbá àlùfáà ní, "Ta ló kọ́ ọ ní èyí?" Mo ní, "Ọmọ mi obìnrin ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní Taiwan!" Bàbá rẹ ní ariwo tí mo pa, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi yíjú. Kí wọ́n yíjú!

Wichian náà wà níbẹ̀, ó wọ ẹ̀wù rẹ̀ tó dáa jù, ó ti múra ẹ̀rín. Ẹja kan tó ní àwọ̀ ewé, tó ń dán bí ẹ̀yìn kòkòrò yánríbo, yọ lẹ́bàá ojú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó faramọ́ gíláàsì náà títí èémí rẹ̀ fi bò ó. Ó ní, "Ìyàwó, àwọ̀ màmá nìyí. Mo rò pé èyí ti parun." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, inú adágún ló wà látọjọ́ yìí." Ó nu ojú gíláàsì pẹ̀lú ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì sọ fún bàbá rẹ pé kó lọ bá òun dá oníkatapílà padà. Ìyáàfin Orathai ti ní kí n kó òmíràn wá fún ilé oúnjẹ rẹ̀ kejì. Adágún ìyá àgbà kò lọ mọ́ o, ọmọ mi. Kò lọ mọ́.

Gbogbo oore tí mo bá ṣe ní tẹ́ńpìlì, kí èrè rẹ̀ máa lọ sórí rẹ. Kí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ má ṣe ọ́ léṣe. Kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé máa fi ojú rere wò ọ́, kí o padà wá bá mi láyọ̀ àti ìlera, kí n tún fọwọ́ ara mi pa ọ́ lórí.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn kiri Bang Len,
Lamduan.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ páálí pa nígbà tí bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tí o wí lẹ́yìn tí mo ju fóònù sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní mi ò bi òun ni! Ó ní àwọn obìnrin yẹn ti fi ọ́ ṣe olórí yàrá. Mo ní, ibùsùn wo ló wá mú? Ó ní èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, tí ẹnì kankan kò fẹ́. Mo sunkún gan-an, Phikun. Mo ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì mi sínú páálí náà.