Táyà Mọ́tò Lẹ́sẹ̀ Kẹ̀kẹ́ Múfú

Ọjọ́bọ̀, Òṣogbo

Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn.

Ọ̀gá tó ń lẹ táyà ní Òkè Baálẹ̀ kò fẹ́ fi táyà mọ́tò sí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Múfú ọmọ mi fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ifẹ̀wàrà. Mo wo ara táyà, mo rí i pé wọ́n kọ nọ́ńbà 12 sí i. Mo wo ríìmù, méjìlá náà ni. Mo ní, “Ó bá a mu.”

Múfú bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá tó ń sá fún òjò tí kò tíì ṣú ló ní kò séwu yìí o! Ọ̀gá, ẹ fi sí i.”

Ìgbà tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i tán ni mo rí i pé etí táyà náà kò jókòó dáadáa lápá kan. Nọ́ńbà wọn dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ríìmù mọ́tò kọ́ nìyẹn; táyà náà lè yọ lójú ọ̀nà.

Nígbà tí a délé, mo ní kí Múfú lọ yọ táyà náà.

“Bàbá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀.”

Kò bínú, ó kàn ń jẹun lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀rù ohun gbogbo níṣojú rẹ̀. Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé tòní yàtọ̀?

Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ náà sábẹ́ ìrọ̀rí mi. Kó bínú lọ́la.