Apá Hussein Lójú Fèrèsé

                                        Ilé Alàgbà Afọlábí,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà, Òkokomaikò,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        15 Oṣù Kẹfà, 2025.

Títí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Bàbá àti àwọn àbúrò rẹ ńkọ́? Ṣé òjò ti ń rọ̀ déédéé ní Ìlaròó? Ara tèmi le, àmọ́ ọkàn mi kò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀. Má bínú pé mi ò tètè dáhùn lẹ́tà rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ èyí tí mo tún fà á ya, torí mi ò mọ̀ bóyá ohun tí mo ṣe dára tàbí kò dára.

O mọ̀ pé lọ́jọ́ tí mi ò bá ní kíláàsì, mo máa ń lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe omi inú ọ̀rá ní Ìbá. Èmi ni mò ń pe orúkọ láàárọ̀, tí mo ń sàmì sí ẹni tó wá àti ibi tí kálukú máa kó omi lọ. Àwa òṣìṣẹ́ mẹ́rìndínlógún la wà níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Lùkúmọ̀n, ọ̀rẹ́ bàbá mi, tí wọ́n ti ń ru omi níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá, ni wọ́n bá mi wá iṣẹ́ náà.

Lóṣù tó kọjá, Àlàájà Kùdírátù, ọ̀gá wa, pè mí sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣètò ìtọ́jú ìlera fún òṣìṣẹ́; nọ́ọ̀sì á wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wa, kí àwọn lè mọ ohun tó yẹ kí àwọn ṣe. Wọ́n ní, "Ṣebí ìṣàkóso iṣẹ́ lò ń kọ́ ní yunifásítì. Ìwọ ni kó o bá mi ṣe fọ́ọ̀mù ẹ̀." Títí, orí mi wú. Wọ́n ti kọ́ wa ní kíláàsì pé kí èèyàn tó ṣètò nǹkan fún òṣìṣẹ́, kó kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n nílò. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo tún fi bírò pupa fàlà sí i nídìí. Síbẹ̀ mi ò bi ẹnì kankan. Mo jókòó ti fọ́ọ̀mù mi, ohun tí mo sì kọ́kọ́ kọ sókè rẹ̀ ni "Orúkọ".

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́, kò sẹ́ni tó yọ̀ sí i. Àrínọlá, tó máa ń dúró ti ẹ̀rọ tó ń lẹ ọ̀rá, wò mí títí. Ó ní, "Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ń ṣàìsàn. Tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n tán ńkọ́?" Ó wá rán wọn létí Ayọ̀wálé, tó ń wúkọ́ ní ọdún méjì sẹ́yìn, tí Àlàájà ní kó lọ sinmi nílé kí ara rẹ̀ yá. Wọn ò tíì pè é padà di òní. Láti ọjọ́ yẹn ni èmi náà ti ń fura. Kí ló dé tó jẹ́ ọ́fíìsì Àlàájà ni fọ́ọ̀mù náà máa wà? Kí ló dé tí orúkọ Àlàájà alára ò sí níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì kan wá láti Àjàngbàdí. Fáàn kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ wà níbi tí à ń to omi sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kékeré tí wọ́n máa ń gbà na omi síta fún àwọn tó ń kó o sínú mọ́tò. Ibẹ̀ la jókòó sí. Apá nìkan lèèyàn máa ń rí lójú fèrèsé yẹn, ó sì ti mọ́ gbogbo wa lára. Tí mo bá pe orúkọ, apá kan á wọlé láti ìta, nọ́ọ̀sì á wọ̀n ọ́n, èmi á kọ ọ́ sílẹ̀.

Apá kẹta tó wọlé ní àpá iná kan lọ́rùn ọwọ́. Hussein ni, ẹni tó ń wa mọ́tò wa, tó máa ń gbá bọ́ọ̀lù nítòsí Navy Town. Mo pe Ràsákì, àpá yẹn náà ló tún wọlé. Mo pe Bọ̀ọ̀dá Lùkúmọ̀n, òun náà ni. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ níta pé, "Hussein, rọra máa mí o, àwa mẹ́fà la wà lára ẹ." Ẹlòmíì ní, "Ẹ fún un lómi mu kó tó di àgbàlagbà." Nọ́ọ̀sì, tí kò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ rẹ̀, ní ara àwọn òṣìṣẹ́ yìí mà le o.

Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má sọ pé ojú Àlàájà ni mí. Ká sòótọ́, inú mi tún dùn, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí Bọ̀ọ̀dá Lùkúmọ̀n tí wọ́n di ògiri mú lẹ́yìn tí wọ́n ru omi, tí wọ́n dijú.

Ohun tí ẹnì kankan ò rò ni pé Àlàájà máa gba ìwé náà gbọ́. Wọ́n kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ̀yin tiẹ̀ le jù mí lọ." Kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù méjì tí wọ́n ti fẹ́ rà kí a yé fi orí ru omi, wọ́n ní kò pọn dandan mọ́. Wọ́n wá fi Bọ̀ọ̀dá Lùkúmọ̀n sí ẹrù Ọ̀tọ̀-Àwórì, tó pọ̀ jù lọ, nítorí pé ìwé wọn dára. Àfọwọ́fà ni, ta ló máa lè ṣàlàyé? Lọ́jọ́ kẹta, Bọ̀ọ̀dá gbé omi kalẹ̀, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òógùn bo ojú wọn. Wọ́n ní ebi ni. Bẹ́ẹ̀ kò tíì tó wákàtí kan tí wọ́n jẹun tán.

Mo lọ bá Àlàájà. Mo ní fọ́ọ̀mù tí mo ṣe kò dára, èmi ni mo ṣàṣìṣe. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká tún un ṣe láìsí orúkọ. Kí kálukú mú ìwé tiẹ̀ lọ, kí iye ẹni tí ara rẹ̀ le àti iye ẹni tí ara rẹ̀ ò le nìkan dé ọ́fíìsì, kí Àlàájà fúnra wọn sì kọ́kọ́ na apá. Wọ́n bi mí pé, "Ta ló rán ẹ?" Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Mo fún wọn ní ìwé kan kí wọ́n fọwọ́ sí, pé wọn ò ní lé ẹnikẹ́ni nítorí àìsàn. Wọ́n ní, "Fi í síbẹ̀, màá wò ó." Ó ṣì wà níbẹ̀ láìfọwọ́sí, àmọ́ wọ́n gbà kí nọ́ọ̀sì padà wá.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bi àwọn òṣìṣẹ́ léèrè. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kẹ̀kẹ́, àga, àti àyè láti jẹun. Àrínọlá ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà tí a ṣíwọ́, Bọ̀ọ̀dá Lùkúmọ̀n dúró dè mí. Wọ́n wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọpẹ́, tí mo bá na apá mi, ọwọ́ ta ni ìwé ẹ̀ á wà?" Mo ní, "Ọwọ́ yín, sà." Wọ́n ní, "Ojú ẹ ni mò ń wò o."

Nọ́ọ̀sì padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Àlàájà ló kọ́kọ́ jókòó. Wọ́n wo ìwé wọn, wọ́n ká a sínú báàgì. Lẹ́yìn tí wọ́n jáde, Hussein yọjú láti ìta, ó ní, "Ṣé ẹ ò nílò apá mi mọ́ ni?" Àwọn tó wà níta rẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá Lùkúmọ̀n ò lo fèrèsé. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbà wọlé, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n sì jókòó síwájú nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó tún un wọ̀n, ó ní kí wọ́n lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Bọ̀ọ̀dá ká ìwé náà sínú fìlà, wọ́n dé e padà.

Lọ́jọ́ kejì, Àlàájà wo iye tí nọ́ọ̀sì ní kí n kọ: mọ́kànlá dára, márùn-ún kò dára. "Àwọn wo ni márùn-ún yìí?" Mo ní, "Mi ò mọ̀, mà. Kálukú ló mú ìwé tiẹ̀ lọ." Irọ́ ni, Títí. Mo mọ ẹnì kan. Wọ́n gbé ìwé náà kalẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa."

Kẹ̀kẹ́ méjèèjì dé ní ọjọ́ Ajé. Bọ̀ọ̀dá ti ń lo oògùn. Àmọ́ nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àlàájà yọ orúkọ wọn kúrò nínú ẹrù Ọ̀tọ̀-Àwórì, wọn ò sì sọ ìdí. Ta ló sọ fún wọn? Ṣé àánú ni, àbí bí ti Ayọ̀wálé ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn? Ní báyìí, tí Bọ̀ọ̀dá bá dé láàárọ̀, kí wọ́n tó kí ẹnikẹ́ni, wọ́n á kọ́kọ́ wo ìwé ọwọ́ mi, bóyá orúkọ wọn ṣì wà níbẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé èmi náà ti wá a kí wọ́n tó dé.

Bá mi kí Màmá àti Bàbá, kó o sì kí ọ̀rẹ́ wa Faridah tí ẹ bá pàdé. Sọ òótọ́ ibẹ̀ fún mi tó o bá ń fèsì. Má sì fi lẹ́tà yìí sílẹ̀ káàkiri; orúkọ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ń retí èsì,
                                        Ọpẹ́olúwa Ṣọlágbadé.