Àgbọ̀n tí Ọkọ Mi Fi Sílẹ̀ fún Ọmọ Wa

Irọ́ ni mò ń pa fún dókítà eyín, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí orí mi má baà dàrú. Aláró ni mí ní Abẹ́òkúta níbí, opó ni mí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa kí ọkọ mi tó kú. Ó ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ báyìí. Àgbọ̀n rẹ̀ yọ síwájú, eyín ìsàlẹ̀ bo tòkè, bíi ti bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló fi ń fa ẹran ya, àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Láfẹ́nwá sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́...

Dókítà ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ó ní ohun kan wà bí ife kékeré tí wọ́n ń fi gbé àgbọ̀n, tí okùn rẹ̀ máa kọjá lórí bíi fìlà, tí á máa fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Èyí ló wu dókítà, torí eegun ọmọ ṣì rọ̀, àmọ́ àfi ká bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Tàbí ká dúró kí eyín àgbà hù tán, kí wọ́n fi wáyà tò ó, ṣùgbọ́n wáyà ò lè gbé eegun àgbọ̀n padà. Tàbí kó dàgbà tán, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n gé eegun náà.

Mo sọ fún dókítà pé ìyá ọkọ mi ni kò gbà. Irọ́ ni! Láti ìgbà ààwẹ̀ ni Ìyá ti ń bẹ̀ mí pé kí n lọ ṣe é, wọ́n ní àwọn mọ ohun tí ojú ọmọ àwọn, ọkọ mi, rí nítorí àgbọ̀n yẹn. Èmi ni mi ò lè ṣe é... Fọ́tò kan ṣoṣo ni ọkọ mi fi sílẹ̀, ó sì fi áńkáṣíìfù bo ẹnu nínú rẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni kì í bo ẹnu fún. Tí ọmọ yìí bá ń jẹun, ọkọ mi ni mò ń rí. Tí wọ́n bá fa àgbọ̀n yẹn sẹ́yìn, níbo ni mo tún ti fẹ́ rí i? Àárò rẹ̀ ń pa mí, ẹ gbọ́, ó ń pa mí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ewúrẹ́ aládùúgbò kan ti ẹsẹ̀ bọ ìkòkò aró mi, ó ń sá káàkiri àgbàlá pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kún fún aró. Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, ló bá yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Bẹ́ẹ̀, èmi ìyá rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ gba ife àgbọ̀n yẹn, àbí kí n dúró títí òun fúnra rẹ̀ á fi lè sọ èyí tó fẹ́? Tí mo bá sì dúró, ṣé nítorí rẹ̀ ni, àbí nítorí ara mi?