Àlàájà Ràṣídátù Àbẹ̀kẹ́ Sàkáríyà, Alágbẹ̀dẹ Wúrà ní Galadimawa (1954–2025)

Ìlú Ìwó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n bí Àlàájà Ràṣídátù Àbẹ̀kẹ́ sí, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1954. Bàbá wọn ni Olóògbé Sùlàímọ́nù Àkànó, alágbẹ̀dẹ wúrà. Ìyá wọn ni Olóògbé Àlímátù Àṣàkẹ́, tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ni àwọn òbí náà bí, Àlàájà sì ni ìkẹrin. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tó ṣáájú wọn ló yẹ kó jogún ọmọ owú bàbá wọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan di olùkọ́, ọ̀kan gba Gánà lọ, ẹ̀kẹta kò sì fẹ́ràn iná rárá.

Àlàájà ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì yege ní ọdún 1966. Wọn kò tẹ̀síwájú. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ọwọ́ ọ̀tún bàbá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò sì ṣeé fi ṣe iṣẹ́ wúrà. Àbẹ̀kẹ́ ń di ẹmú mú, bàbá ń fi ẹnu júwe. Báyìí ni wọ́n ṣe iṣẹ́ fún ọdún márùn-ún, tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kò mọ̀ pé ọwọ́ ọmọbìnrin kékeré ni yẹtí àwọn ti jáde. Iṣẹ́ aago ni wọ́n kọ́ kẹ́yìn, ní Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, láàrin ọdún 1973 sí 1975.

Ní ọdún 1976, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Alhaji Mùfútáù Sàkáríyà, ọmọ Ìwó bíi tiwọn, awakọ̀ ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Èkó. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Nígbà tí wọ́n kó iléeṣẹ́ náà wá sí Àbújá ní ọdún 1992, ìdílé náà bá a wá. Àlàájà gbé tábìlì kékeré kan kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan ní Wúsé, wọ́n sì jókòó ti tábìlì yẹn fún ọdún méjìlá. Ní ọdún 2004 ni wọ́n rí ṣọ́ọ̀bù tiwọn gbà ní Galadimawa. Alhaji jáde láyé ní ọdún 2006.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn fún obìnrin. Oníbàárà á wọlé, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní, “Màmá, ọ̀gá dà?” Àlàájà á kàn na ọwọ́ kí wọ́n gba aago tó gbé wá. Nígbà tó yá, àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Maitama, àdúgbò àwọn olówó, wọ́n á ní, “Sànnu, Hajiya,” wọ́n á sì gbé ẹ̀gbà ọrùn ìyàwó ọ̀gá wọn kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni olúkúlùkù ń gbé wá nínú ọkàn, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́ síta: bí mo bá fi nǹkan mi sílẹ̀ níbí, ṣé òun náà ni n ó bá?

Ẹbí rò ó dáadáa kí a tó kọ ohun tó kàn yìí. Ìyáàfin Iredélé Bámiṣayọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn, àwọn fúnra wọn ló sì ní kí a kọ ọ́, kí a má fi orúkọ àwọn pamọ́.

Ọmọ Kàbbà ni Ìyáàfin Iredélé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé ní Apo. Alágbẹ̀dẹ kan ti rẹ́ wọn jẹ rí. Ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà ni wọ́n gbé fún un, bàbà tí wọ́n fi omi wúrà pa lára ló dá padà. Láti ìgbà náà, wọn kò fọkàn tán oníṣẹ́ kankan mọ́. Nígbà tí ẹnìkan júwe Àlàájà fún wọn ní ọdún 2012, aago ọwọ́ tí bátìrì rẹ̀ ti kú ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, láti fi dán wọn wò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n gbé ẹ̀gbà ọrùn tó já wá, wọ́n sì fa àga mọ́ra.

“Màmá, ẹ má bínú o, mi ò ní dìde níbí títí ẹ ó fi parí ẹ̀.”

Àlàájà ní, “Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ̀yìn má baà dùn yín.”

Ìgbà kẹta ni wọ́n tó fọkàn balẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, wọ́n gbé òrùka màmá wọn tó ti dolóògbé wá. Òrùka wúrà ni, òkúta pupa sì wà lórí rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí Àlàájà fẹ̀ ẹ́ sí i, kó lè wọ ìka wọn fún ìgbéyàwó ọmọ wọn obìnrin. Àṣà Àlàájà ni láti fi dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá sójú, kí wọ́n yẹ nǹkan wò níwájú ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ náà, Àlàájà ń kánjú lọ sí mọ́ṣáláṣí, Ìyáàfin Iredélé náà ń kánjú padà síbi iṣẹ́. Àlàájà kàn gba òrùka, wọ́n fi bébà wé e. Títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń sọ pé ibẹ̀ ni àwọn ti ṣe àṣìṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n tú òrùka náà, wọ́n fi dígí sójú, wọ́n sì rí i pé òkúta pupa náà kì í ṣe òkúta. Gíláàsì ni. Ẹnìkan ti yọ òkúta tòótọ́ kúrò níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ó sì fi gíláàsì dí ojú rẹ̀.

Nafisah, ọmọ wọn obìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, wà níbẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ fẹ òrùka bí wọ́n ṣe ní kí ẹ fẹ̀ ẹ́, kí ẹ dá a padà. Wọn ò bi yín léèrè òkúta. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ni wọ́n máa ní ó yọ ọ́.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ yáa dákẹ́.”

Àlàájà yọ dígí kúrò lójú. “Nafisah, ojú mi ti rí i. Bí mo bá fi ọwọ́ ara mi wọ gíláàsì sí wọn níka, tí mo sì mọ̀ pé gíláàsì ni, kí ló wá yà mí sọ́tọ̀ sí ẹni tó rẹ́ wọn jẹ?”

Wọ́n fi fóònù pe Ìyáàfin Iredélé. Nígbà tí wọ́n dé, Àlàájà gbé òrùka kalẹ̀, wọ́n fi dígí lé wọn lọ́wọ́, wọ́n sì sọ ohun tí àwọn rí. Ìyáàfin Iredélé kò wo inú dígí náà. Àlàájà ni wọ́n ń wò.

“Àlàájà,” wọ́n ní, “ẹ̀yin náà?”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́kún. “Ẹ dá òkúta màmá mi padà fún mi.”

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní àdúgbò. Wọ́n pe Àlàájà, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n lè fi Kùránì búra. Àlàájà ní, “Mo lè búra, n ó sì búra. Ṣùgbọ́n ìbúra ò lè sọ gíláàsì di òkúta, kò sì lè rẹ Ìyáàfin Iredélé lẹ́kún.” Wọ́n búra. Àwọn kan gbà wọ́n gbọ́, àwọn kan kò gbà wọ́n gbọ́. Ìyáàfin Iredélé gba òrùka náà lọ láìfẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó ọmọ wọn láìwọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ burúkú kì í fẹsẹ̀ rìn, ìyẹ́ ló ní. Kí oṣù kan tó pé, àwọn awakọ̀ Maitama kò yà mọ́. Oṣù méje gbáko ni Àlàájà fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, tí wọ́n ń nu tábìlì, tí wọ́n sì ń jókòó tì í, tí kò sí ohun tó ń wọlé ju aago ara ògiri lọ. Àbdùlláhì, ọmọ wọn ọkùnrin tó jẹ́ mẹkáníìkì ní Apo, ní kí wọ́n ti ibẹ̀ pa, kí wọ́n máa bọ̀ wá sinmi. Wọ́n ní, “Bí mo bá tì í, wọ́n á ní, ‘Ẹ ò rí i, ó ti sá.’” Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Nafisah gbọ́ tí wọ́n sọ ọ́ jáde pé ó dun àwọn. Wọ́n ń gé èékánná lọ́wọ́ nígbà náà, wọn kò sì gbé ojú sókè.

Ní oṣù Kejìlá, Ìyáàfin Iredélé lọ sílé ní Kàbbà fún Kérésìmesì. Níbi tí wọ́n ti ń ròyìn alágbẹ̀dẹ tó jí òkúta màmá wọn fún ẹbí, àbúrò màmá wọn, ìyá arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ní kí wọ́n dákẹ́.

“Èmi àti ìyá rẹ la jọ lọ sí Ìlọrin,” ni ìyá náà wí. “Ọdún tí o wọ yunifásítì ni. Ó yọ òkúta yẹn tà, ó ní kí wọ́n fi gíláàsì sí i kí bàbá rẹ má baà mọ̀. Ó mú mi búra pé mi ò ní sọ fún ọ. Iredélé, òkúta tí ò ń wá yẹn, òun lo fi kàwé.”

Ìyáàfin Iredélé sọ fún wa pé àwọn bú sẹ́kún níbẹ̀. Ìyá tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sunkún fún, kí wọ́n tó rántí obìnrin tí wọ́n pè ní olè.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n padà sí Àbújá, wọ́n wá sí Galadimawa, wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá. Wọ́n ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àlàájà gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Ẹ dìde, ẹ jókòó. Ṣé ẹ mú òrùka yẹn dání?”

Ó wà nínú àpò wọn. Àlàájà tan iná, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn ní oṣù karùn-ún. Kí wọ́n tó parí, wọ́n béèrè bóyá kí àwọn wá òkúta gidi fi rọ́pò.

Ìyáàfin Iredélé ní, “Ẹ má yọ ọ́, Màmá. Gíláàsì yẹn gan-an ni mo fẹ́.”

Lọ́sẹ̀ náà, wọ́n padà lọ bá àwọn àgbà ẹgbẹ́, wọ́n dìde láàrin àwùjọ, wọ́n sì wẹ Àlàájà mọ́. Àwọn oníbàárà kan padà. Àwọn mìíràn kò padà títí dòní. A kò lè sọ pé àwọn méjèèjì di ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni iṣu ń wá láti Kàbbà, Àlàájà á sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n á ṣàdúrà.

Àlàájà ti lọ sí Mẹ́kà ní ọdún 2010. Wọn kì í pa ìrun jẹ, wọ́n sì wà nínú ẹgbẹ́ alásàláátù ní Galadimawa. Obìnrin mẹ́rin ni wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ wúrà láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 2019, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, wọ́n sì fi iṣẹ́ lé Nafisah lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn kò yé wá jókòó. Ẹ̀jẹ̀ ríru dá wọn dùbúlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Wọ́n jáde láyé ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì ọdún 2025, a sì sin wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ sáyé lọ ni ọmọ mẹ́ta: Àbdùlláhì, Nafisah àti Fikáyọ̀; àbúrò wọn obìnrin kan ní Ìwó; àti ọmọ-ọmọ méje, títí kan Ọlá àti Ayọ̀midọ̀tun, tí ìyá wọn àgbà ń fi Yorùbá pè, tí wọ́n sì ń fi òyìnbó jẹ́.

Níkẹyìn, ẹbí ń fi àkókò àdúrà ọjọ́ kẹjọ yìí sọ fún ẹ̀yin oníbàárà pé nǹkan mọ́kànlá ló wà nínú àpótí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Àlàájà kú. Bébà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín, ní ọwọ́ ìkọ̀wé wọn. Ọ̀kan nínú rẹ̀, aago ọwọ́ ọkùnrin, kò ní orúkọ. Ohun tí Àlàájà kọ sí i ni: “ọkùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó kí ènìyàn.” Bí ẹ bá wà láàrin wa lónìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wá gba aago yín lọ́wọ́ Nafisah. Aago náà ti ń ṣiṣẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Àkànó, ẹ sùn re. Kí Ọba tó ń rí ohun tí dígí kò lè fi hàn tẹ́wọ́ gbà yín, kó sì fi Àlùjánnà ṣe ilé yín. Àmín.