Alùpùpù Ọkùnrin Tó Dá Nìkan Wà

Pietravalle,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, nínú oṣù Karùn-ún.

Fulvio ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ ní ìjókòó, tó bá sì bá ọ ní ìdúró, jọ̀ọ́ wá àga kan kó o tó ka ìdajì rẹ̀. Mo kí ọ, mo kí Marzia ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ yín tó ń hu eyín, kí eyín náà jáde wẹ́rẹ́ láìsí ibà, kí San Rocco, ẹni mímọ́ tó ń dáàbò bò wá, máa ṣọ́ yín lójú títì Torino níbi tí gbogbo yín ti ń sáré bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé. Tí o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, ara wa le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Màríà Mímọ́. Bàbá rẹ ń jẹun, ó ń sùn, ó sì ń ṣàròyé, nítorí náà o mọ̀ pé kò sóhun tó ṣe é. Adìẹ funfun ti padà ń yé. Ẹ̀wà ti yọ. Òjò kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tó pọ̀ náà, ẹnu wa kò dákẹ́.

Ó dára, ṣé o ti jókòó? A ti ra alùpùpù. Kì í ṣe ọmọdé alùpùpù o, síkútà ńlá ni, èyí tí èèyàn ń kó ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni tó jókòó nínú àga pálọ̀. Mo mọ̀ pé o kìlọ̀ nígbà Kérésì, o ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin kì í gun irú nǹkan bẹ́ẹ̀, o ní kí n má gbà fún bàbá rẹ. N kò gbà fún un o, má ṣe rò pé mo ṣàìgbọràn sí ọ lẹ́nu. Èmi gan-an ni mo ní kó rà á.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìdí. O mọ̀ pé gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì aláwọ̀ búlúù lọ sí Termoli láti wo ẹ̀gbọ́n mi Ilde nílé àwọn arúgbó tó wà létí òkun. Nínú oṣù Kìíní, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ibùdókọ̀, ìwé náà ní wọ́n ti dá bọ́ọ̀sì yìí dúró lẹ́nu iṣẹ́ títí di ìgbà tí wọ́n bá tún kéde. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo ní kí ló ṣe? Bọ́ọ̀sì tí kì í pẹ́, tí kì í bú èèyàn! Mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo lọ bá akọ̀wé ìlú, mo bẹ̀ ẹ́ pé tó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀sì náà ṣẹ̀, kí wọ́n foríjì í, kí wọ́n gbà á padà, pé gbogbo abúlé la máa dúró fún un. Akọ̀wé náà wò mí títí, ó ní Mama, owó epo ni kò sí. Mo ní ṣé torí owó epo lásán lẹ ṣe lọ lẹ ìwé ẹ̀sùn mọ́ ìta gbangba, tí ẹ ń ba orúkọ ẹni ẹlẹ́ni jẹ́?

Ilde kò lè dúró de owó epo. Nínú oṣù Kejì mo pè é lórí fóònù, ẹni tó ń tọ́jú wọn gbé e sí i létí, mo ní Ilde, èmi ni, Ersilia. Ó ní Ersilia wo? Mo ní àbúrò rẹ. Ó ní rárá o, àbúrò òun ṣì kéré, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tó fóònù. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ó dàbọ̀, mo wá lọ sídìí àgò adìẹ lọ sunkún, nítorí adìẹ kì í bi èèyàn pé kí ló dé. Ìwọ ní o máa wá gbé mi lọ nígbà tí iṣẹ́ bá dẹwọ́, mo mọ̀ pé iṣẹ́ kò dẹwọ́, n kò sì bínú. Ṣùgbọ́n orí Ilde ń jò díẹ̀díẹ̀, Fulvio, ẹ̀rù sì ń bà mí pé kí n tó débẹ̀, èmi náà á ti jò dànù pẹ̀lú àwọn yòókù. Mọ́tò wa kékeré sì ti kú láti ìgbà ìkórè àjàrà, inú rẹ̀ ni adìẹ funfun ń sùn sí báyìí.

Pompeo tó ni ilé kọfí ló ní kí a wá alùpùpù. Ó wo ìwé ìwakọ̀ bàbá rẹ, ó ní ọdún 1973 ni wọ́n fún un, pé irú ìwé àtijọ́ yẹn gba gbogbo alùpùpù láìṣe ìdánwò kankan, òfin tuntun kò kan àwọn tó gba tiwọn nígbà náà. Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá rẹ ti ń rìn bí ọ̀gágun. Ó ń bi mí bóyá mo mọ irú ẹni tí mo fẹ́. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, òun náà ló fi sálúbàtà ọ̀tún sẹ́sẹ̀ òsì láàárọ̀ yìí.

Pompeo wá síkútà kan jáde lórí fóònù rẹ̀, ti Japan, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. 650 ni wọ́n kọ sí i. Mo ní owó yẹn dára, kó san án kíákíá kí ẹlòmíràn tó dé. Pompeo ní Ìyá Fulvio, ìyẹn kì í ṣe owó, títóbi ẹ́ńjìnì rẹ̀ ni. Mo ní kí ni Camillo ọkọ mi tí kò lè ṣí ìgò tòmátì fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Owó rẹ̀ gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, n kò sì ní kọ ọ́ síbí nítorí àwọn tó ń tú ìwé wò nílé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ṣubú rí, pé inú ilé ló ń sùn lálaalẹ́, pé kì í mu jù. Mo ní ọkùnrin mélòó la lè jẹ́rìí bẹ́ẹ̀ fún ní Pietravalle? Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti ka ohun tó gún mi lọ́kàn. Wọ́n ní: Ẹni tó ni ín, ẹnìkan ṣoṣo.

Ẹnìkan ṣoṣo! Kò láya, kò lọ́mọ, kò ní ìyá tó lè bá a fọ ṣẹ́ẹ̀tì, alùpùpù nìkan ló ní láyé, ó tún wá fẹ́ tà á. Mo ní ebi ló fẹ́ pa ọkùnrin yìí. N kò lè lọ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọwọ́ òfo kí n tún máa ná an lówó. Mo yan itan ọ̀dọ́ àgùntàn pẹ̀lú pòtétò, mo fi ìka tẹ pásítà cavatelli lọ́kọ̀ọ̀kan títí ìka mi fi wú, mo mú wàràkàṣì méjì lára èyí tí à ń fi pamọ́ de ọdún, mo dín àkàrà dídùn tó o fẹ́ràn, mo sì wá búláńkẹ́ẹ̀tì kan kún un, nítorí ẹni tó dá nìkan sùn, òtútù rẹ̀ yàtọ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni Pompeo fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ. Lọ́nà, ó ń kọ́ wa lọ́gbọ́n, ó ní kí a fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì kí olówó rẹ̀ tó tan án, pé tó bá ti gbóná kí a tó dé, ọgbọ́n àrékérekè ni, wọ́n ti kọ́kọ́ jí i kó má baà máa wúkọ́ lójú wa. Mo ní mo gbọ́. A kanlẹ̀kùn, ọkùnrin sísanra kan tó ń jẹ́ Gaspare ṣílẹ̀kùn, mo sì rí tábìlì kan lẹ́yìn rẹ̀ tó kún fún èèyàn mọ́kànlá, ìbejì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára wọn, gbogbo wọn ń jẹun. Inú mi dùn. Mo kí wọn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n kú àánú, pé ará àdúgbò rere ni wọ́n, wọn ò jẹ́ kí ọkùnrin yìí dá jẹun lọ́jọ́ Ọlọ́run.

Obìnrin kan dìde pẹ̀lú ṣíbí ìbubẹ̀ lọ́wọ́, Gelsomina lorúkọ rẹ̀, ó ní Mama, ọkùnrin wo? Mo ní èyí tó dá nìkan wà, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sórí fóònù. Háà! Gelsomina kọjú sí Gaspare, ó ní o gbọ́, bàbá ọmọ mẹ́rin, o dá nìkan wà? Ta ló ń fọ sọ́kìsì tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ? Ìyá Gaspare ní òun náà kú, àbí? Gaspare ń búra, ojú rẹ̀ pọ́n, àwọn ìbejì ń kígbe pé bàbá wa àpọ́n. Pompeo ló wá là á yé wa pé ohun tí wọ́n kọ túmọ̀ sí pé láti ọjọ́ tí síkútà náà ti jáde ní tuntun, ẹnìkan ṣoṣo ló ti lò ó, kò tíì gba ọwọ́ ẹlòmíràn. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí bàbá Gaspare fi ní kí wọ́n gbá òun lẹ́yìn, wọ́n sì ti di búláńkẹ́ẹ̀tì náà mọ́ Gaspare lọ́rùn.

Lẹ́yìn náà a lọ wo ọjà. Mo fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì, ó tutù bí omi kànga. Gaspare tan án, ó dún jẹ́jẹ́, bí ológbò tó yó. Bàbá rẹ jókòó, ó di ọwọ́ síkútà náà méjèèjì mú, kò pẹ́ ló fò sókè, ó ní ó gbóná! Mo fọwọ́ kàn án, lóòótọ́ ni, ikùn tutù, ọwọ́ ń jó fòfò. Mo sọ fún Gaspare pé ibà ló ń ṣe é, pé bí tìẹ náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní kékeré. Ó ní rárá, Mama, bọ́tìnnì kan ló ń mú ọwọ́ náà gbóná kí òtútù má baà pa ẹni tó ń rìnrìn àjò jíjìn. Ó tún fi bọ́tìnnì mìíràn gbé gíláàsì iwájú sókè. Àyè wà lábẹ́ àga tó gba akoto méjì, mo wọn wàràkàṣì síbẹ̀, ó wọlé. Àga ẹ̀yìn ní ibi ìfẹ̀yìntì. Mo ní kí ló ń tà á fún? Ó ní ìbejì lẹ́ẹ̀mejì, ibo ni kóun kó wọn sí?

Ibẹ̀ la wà tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ẹnìkan láti ìlú ńlá ni, ó ní òun máa fi owó lé e, òun ti ń bọ̀. Ọmọ mi! Ọ̀nà Termoli ni mo rí tó ń ti padé lójú mi. Gaspare wo ìyàwó rẹ̀. Ẹnu Gelsomina kún fún cavatelli, ó gbé e mì, ó ní kó sọ fún ẹni yẹn pé ó ti lọ, pé ẹni tó gbé oúnjẹ wá fún ọkọ òun nígbà tó rò pé òun kò sí láyé, òun ni yóò gbé síkútà náà lọ. Ó tún mú akoto tirẹ̀ fún mi. Mo dì mọ́ ọn, mo sunkún sí i léjìká, kò sì bi mí pé kí ló dé.

Ti ìwé adójútòfò ló kù. Fọ́ọ̀mù náà bèèrè pé ìjàǹbá mélòó lo ti ní láàárín ọdún márùn-ún. O mọ̀ pé bàbá rẹ kì í purọ́. Ó kọ ọ́ pé méjì, ọ̀kan lórí àkàsọ̀ ilé wáìnì, ọ̀kan lórí igi ọ̀pọ̀tọ́. Ọmọkùnrin ibẹ̀ ní ṣé ọkọ̀ wà níbẹ̀? Bàbá rẹ ní rárá, agbọ̀n nìkan ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ìjẹta yìí la lọ. Mo di bàbá rẹ mú tó fi ní kí n jẹ́ kóun mí. Ọlọ́pàá kan dá wa dúró ní orí afárá, ó wo àwòrán inú ìwé ìwakọ̀ náà, irun dúdú kìjikìji, ó ní bàbá, ìwé ọmọ yín lẹ mú wá. Bàbá rẹ bọ́ akoto, ó ní kó wo imú, irun ló lọ, imú kò lọ. Ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí a máa lọ. Lẹ́yìn afárá ni òkun yọ, ó tẹ́ rẹrẹ, afẹ́fẹ́ ń wọ mí lápá aṣọ, mo sì ń kọrin, Fulvio, èmi ìyá rẹ, mo ń kọrin lóhùn òkè. N kò mọ ìgbà tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ilde jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí ọgbà. Okùn akoto kò tú, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọlé pẹ̀lú rẹ̀ lórí títí olùtọ́jú fi bá mi yọ ọ́, irun mi dúró ṣánṣán bí ti adìẹ tí òjò pa. Ilde wò mí. Ó wo bàbá rẹ tó dúró ti síkútà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì aláwọ. Ó tún wò mí. Ló bá gbá mi lọ́wọ́ mú, ó fa olùtọ́jú mọ́ra, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé Ersilia àbúrò òun rèé, ó ti bá ọkùnrin alálùpùpù sá nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí bàbá wa gbọ́. Ó wá bi mí létí bóyá ọmọ ilé ire ni. Mo ní ọmọ ilé ire ni. Ó ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ nígbà náà, kó tó gbé mi padà, kí n má sì pẹ́ níta.

Ó pè mí lórúkọ, ọmọ mi. Ersilia ló pè mí.

Nítorí náà gbogbo Ọjọ́bọ̀ la ó máa lọ báyìí. Jọ̀ọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra akoto tó bá orí mi mu, ti Gelsomina tóbi, aṣọ ìnura ni mo fi ń há a, àti ìbọ̀wọ́ méjì, nítorí bàbá rẹ nìkan ló ní bọ́tìnnì ooru. Kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ tí o máa fi fi í ránṣẹ́, kí iṣẹ́ rẹ má tán, kí ó sì dẹwọ́, kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má ṣe dá nìkan jẹun láéláé. Ogójì ọdún ni bàbá èmi àti Ilde ti wà ní ibojì, ṣùgbọ́n mo ti búra fún Ilde pé kò ní gbọ́. Ìwọ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, o ò rí mi o.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ersilia